Ibo Ni Màálù Fẹ́ Gbà Wọlé?

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé o ń jẹun? Èmi ni mò ń bi ara mi, èmi náà ni mò ń dá ara mi lóhùn, nítorí lẹ́tà tí o kọ kẹ́yìn ti ṣá mọ́ mi lọ́wọ́.

Alágídí tún ti ṣe é o. O mọ̀ ọ́n, màálù pupa tí bàbá rẹ gbẹ̀bí ẹ̀ kó tó kú. Ó já okùn, ó kó àwọn yòókù sẹ́yìn bí olórí ọmọ-ogun, ó di oko Bàbá Alágbàdo. Kí n tó fi eékún mi yìí wọ́ débẹ̀, wọ́n ti tú ebè tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n tí mo bá gbin àgbàdo mi tán tí mo tún rí màálù yín níbí, àdá ni màá fi kí i." Mi ò bá a jà. Òógùn rẹ̀ ló fi kọ ebè yẹn.

Bàbá rẹ kékeré gbọ́, ó wá jókòó sí pálọ̀, ó ní kí n ta gbogbo wọn, pé obìnrin tí eékún ń dùn kò yẹ lẹ́ni tó ń sáré lé màálù kiri. O mọ àbúrò bàbá rẹ, kì í ṣe ènìyàn burúkú, àánú mi ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti lọ bá alápatà sọ̀rọ̀. Ó ní tí mi ò bá ti ní ibi tí mo lè kó wọn sí kí àgbàdo ọkùnrin yẹn tó gbó, alápatà ń bọ̀. Fìlà bàbá rẹ wà lára ìṣó, àpótí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, àwọn màálù yìí ló kù tó ń mí. Tí wọ́n bá kó wọn lọ, kí ni mo fẹ́ máa jí bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀?

Mo tún gbé fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ wò. O fara ti wáyà, wáyà náà sì gùn lọ títí ojú mi ò tó o mọ́. Ẹran ẹlẹ́ran wà lẹ́yìn rẹ, wọ́n ń jẹko wọn jẹ́jẹ́. Mo ní háà, ọmọ mi ń ṣe ọgbà fún gbogbo ayé, ìyá rẹ̀ wá ń sá kiri pápá bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Wá bá mi ṣe tèmi. Má sì pè mí lórí fóònù kí o máa sọ ọ́ fún mi wàràwàrà. Ọ̀rọ̀ fóònù, kí n tó dé pápá, mo ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Kọ ọ́ kí n rí i dì mú.

Èmi ni o, màmá rẹ tó ń lé màálù.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ Alágídí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, ilẹ̀ ibí ì báà tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo tún kà á nígbà tí a jókòó jẹun ọ̀sán. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá wo ojú mi, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, màálù ìyá mi ló já okùn. Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo gbé oúnjẹ mi fún un.

Màámi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Mi ò lè wá báyìí. Àsìkò tí ilẹ̀ rọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ wa ń pọ̀. Ẹni tó bá lọ sílé, fọ́ọ̀màn á ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀ kó tó gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta Alágídí. Mo ti fi irin tí a fi ń fa wáyà àti ẹ̀mú tí mo fi ń gé e rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Tèmi gan-an ni, ọwọ́ mi ti dán an. Mo ti san owó wáyà, ẹni tó ń tà á máa gbé e wá bá yín nílé. Ẹ bá mi bẹ káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn wa, kó kó ọmọ iṣẹ́ méjì wá.

Òpó igun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ru gbogbo wàhálà. Kí ihò rẹ̀ jìn tó ìdí àgbàlagbà. Kí wọ́n má da iyẹ̀pẹ̀ padà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n dà á díẹ̀, kí wọ́n gún un kó dì, kí wọ́n tó da òmíì. Kí òpó kejì wà nítòsí rẹ̀, kí igi kan dábùú láàárín àwọn méjèèjì, torí ọjọ́ tí ẹ bá fa wáyà, òpó igun máa fẹ́ wó síwájú, igi yẹn ni yóò tì í padà. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sí wọn lára, kí ilẹ̀ dì wọ́n mú, kí ẹ tó fa ohunkóhun.

Ìlà wáyà márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ tí màálù wà ni kí wáyà wà lára òpó, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìta. Tí màálù bá fara tì í, òpó ló máa gbà á dúró. Tó bá jẹ́ ìta ni wáyà wà, ìṣó nìkan ni màálù máa máa tì, ìṣó á sì fò yọ. Ìṣó ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹ máa fi mú wáyà náà, ẹ má kàn án wọlé tán. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí wáyà lè máa yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, torí oòrùn ń mú un gùn, òtútù ń mú un kúrú. Báyìí ni kí ẹ fà á láti igun dé igun, títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Màámi, tí mo bá ń gbẹ́ ihò níbí, mo máa ń di ojú, màá ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ni mò ń gbẹ́ yìí. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Ọkọ mi,

O kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Irin rẹ dé. Ọmọ ni mo ní kó wá, irin ló wá. Mo gbé e lé orí tábìlì, mo ń wò ó, ó ń wò mí. Ibi tí ọwọ́ rẹ ti dán an, mo fi ọwọ́ tèmi lé e.

Káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó ní ihò tó jìn tó ìdí, ṣé òkú la fẹ́ sin ni. Mo nawọ́ lẹ́tà sí i. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló yẹ kí wáyà wà kí àwọn tó ń kọjá lè rí i pé iṣẹ́ dára. Mo tún nawọ́ lẹ́tà sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lo làákàyè tèmi náà." Mo ní kó tọ́jú làákàyè rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ohun tí ọmọ mi kọ la máa ṣe. Bó bá ti fẹ́ yà sọ́tùn-ún yà sósì báyìí, mo ti pariwo lé e lórí. Orí àga ni mo ń jókòó sí láàárín pápá, lẹ́tà rẹ wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá kí eruku má bà á jẹ́.

Òpó ti dúró, a ń dúró de òjò. Alágídí ń wá fi ara họ òpó igun, kò mì. Mo ní ẹ ò rí i, iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn, bí ẹni pé ìwọ lo gbẹ́ ihò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí o fò kọjá nínú lẹ́tà rẹ. O sọ pé o ò lè wá báyìí. O ò sọ ìgbà tí o lè wá. Èsì ìyẹn ni mò ń retí. Ìwọ náà mọ bí o ti ń wí lọ́dọọdún, "Màámi, tó bá di ọdún tó ń bọ̀." Ọdún kẹfà rèé.

Màmá rẹ, alága pápá.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ṣé kò sí nǹkan? Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ. Fóònù rẹ ò lọ. Mi ò bínú mọ́ lórí ohun tí mo kọ, tó bá jẹ́ òun ló dùn ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ni.

Òjò ti rọ̀, a ti fa wáyà ìlà méjì. Àgbàdo ọkùnrin yẹn ti ga dé eékún mi. Alápatà ti wá wo àwọn màálù lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ gbá Alágídí níbàdí. Mo ní kó gbọ́wọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí n kàn rí ìkọ̀wé rẹ.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ forí jì mí. Mo wà láàyè, ara mi le. Wọ́n kó wa lọ síbi tó jìn, ibi tí fóònù ò ti ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń gbé lẹ́tà wá. Inú ilé onírin kékeré kan la ń sùn, gbogbo wa, bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ wa tí kò gbẹ lórí okùn. Ìgbà tí a padà dé yàrá, mo bá lẹ́tà yín méjì lábẹ́ ilẹ̀kùn. Èkejì ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn.

Ta ló ní kí alápatà yẹn fọwọ́ kàn án? Ẹ ṣeun tí ẹ lé e.

Ẹ sọ fún káfíńtà pé kó má fa wáyà le jù o. Kó fi ìka ta á; tó bá dún dáadáa, ó tó. Wáyà tó bá le jù máa ń já ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ bá tutù, ó sì lè gé ènìyàn lójú. Ó ti gé ẹnì kan níbí.

Ẹ tún bi mí ní ìgbà tí mò ń bọ̀. Màámi, ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí ná. Màá sọ fún yín.

Ní ibi tó jìn yẹn, màálù kan ké ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bí Alágídí ṣe máa ń ké gẹ́lẹ́ nígbà tí Bàámi bá pẹ́ kó tó gbé omi dé. Mo yíjú padà kíá. Pápá ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ilé wa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ. Mo ti kí ọ tán. Jókòó kí n tó sọ ọ́.

A parí ọgbà lánàá. Mo ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá wò ó. Bàbá rẹ kékeré dé fìlà wá. Bàbá Alágbàdo wá, ó lérò pé òun ló ni ayẹyẹ. Ìlà wáyà márùn-ún ń dán nínú oòrùn, òpó tò lọ bí ọmọ ilé ìwé. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ màálù ni wáyà wà, inú ni èmi àti káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́. Káfíńtà kan ìṣó tó kẹ́yìn. Ó fi ìka ta wáyà, ó dún, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní, "Ó yá, ẹ kó wọn wọlé!"

Bàbá rẹ kékeré ló di okùn Alágídí mú níta. Ó fà á lọ sápá ọ̀tún. Ó fà á lọ sápá òsì. Ó dúró, ó ní, "Ìyàwó wa, ibo ni màálù fẹ́ gbà wọlé?"

Mo wo káfíńtà. Káfíńtà wo mí. Àwa méjèèjì la wà nínú, gbogbo màálù wà níta.

Kò sí géètì! Ọmọ mi, kò sí géètì níbì kankan! Wọ́n ní láti lọ gbé àkàsọ̀ wá kí wọ́n tó gbé mi jáde nínú ọgbà ara mi bí ẹni tó jí nǹkan. Bàbá Alágbàdo rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, àtìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn, mi ò rí eyín rẹ̀ rí. Mo kọjú sí káfíńtà, mo fẹ́ pa á. Ó ní, "Màmá, mo rò ó o. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn. Tí n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ máa ń ní ọmọ yín ò wí bẹ́ẹ̀." Mo yọ lẹ́tà rẹ nínú ọ̀rá. Mo kà á níwájú, mo kà á lẹ́yìn. Láti igun dé igun, títí ẹ ó fi padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. O ò wí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí wọ́n lọ tán tí mò ń fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn ilé ni ẹ̀rù bà mí. Mo ní ọmọ mi yìí, tó jẹ́ pé ọgbà ló ń ṣe láàárọ̀ lálẹ́, báwo ló ṣe gbàgbé pé ènìyàn máa ń wọlé? Ṣé kò sẹ́ni tó ń wọlé níbi tó wà ni? Mo bú sẹ́kún. Mi ò sunkún nítorí màálù.

Káfíńtà fẹ́ gé wáyà lónìí kó fi géètì sí i. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan wáyà yẹn, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Ẹni tó gbàgbé géètì ni kó wá gé e. Níta ni mo so àwọn màálù mọ́, mò ń gé koríko fún wọn. Eékún mi ti wú. Bàbá rẹ kékeré ní agídí mi ju ti Alágídí lọ, pé tí oṣù kẹjọ bá wọlé tí wọ́n ṣì wà níta, alápatà ń kó wọn. Mo ní kó dúró de ọmọ mi. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Èwo ni ká ṣe?

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Màámi,

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí a jọ ń gbé yàrá wá wò mí. Lẹ́yìn náà mo ka ibi tí ẹ ti ń fọ ẹsẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí, Màámi. Kì í ṣe àwa la ń ṣe géètì. Àwọn mìíràn ló ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn tí wọ́n máa gé e, tí wọ́n máa fi géètì sí i. Ìgbà tí wọ́n bá dé, àwa ti wà níbòmíì. Gbogbo ọgbà tí mo ti ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, mi ò rí ọjọ́ tí ẹran wọ inú ọ̀kan rí; ọgbà àtijọ́ ẹlòmíì ni àwọn ẹran inú fọ́tò yẹn wà. Mi ò gba géètì kankan wọlé rí. Ìgbà tí mo jókòó kọ lẹ́tà yẹn sí yín, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo kọ, géètì ò sí nínú rẹ̀.

Mo lọ bá fọ́ọ̀màn. Mo ní ọjọ́ kan péré, kó jẹ́ kí n tẹ̀ lé àwọn onígéètì. Ó ní fún kí ni. Mo ní ìyá mi ló rán mi. A lọ síbi tí a ti ṣiṣẹ́ nígbà òjò. Wọ́n gbé géètì náà kọ́, wọ́n ní kí n dán an wò. Mo ṣí i, mo wọlé, mo tì í. Mo tún ṣí i, mo jáde. Onílé ibẹ̀ ní kí ló ń ṣe mí, omi ń jáde lójú mi. Mo ní atẹ́gùn ni.

Màámi, ẹ gé wáyà yẹn. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má dúró dè mí, ẹ má fi eékún yín gé koríko fún màálù nítorí àṣìṣe mi. Ẹ kọ́kọ́ ri òpó tuntun méjì tó jìn bíi ti igun, kí igi dábùú gbá ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ so wáyà mọ́ àwọn méjèèjì pinpin. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó gé àárín wọn. Tí ẹ bá gé e ṣáájú, gbogbo ìlà máa dẹ̀ yí pápá ká. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sójú wáyà.

Mo ti sọ fún fọ́ọ̀màn pé bí iṣẹ́ ọdún yìí bá tán, mò ń lọ sílé. Ó ní òun ò lè ṣèlérí àyè mi fún mi. Mo ní kò burú. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí. Mi ò ní bá yín jiyàn.

Ọmọ yín tó gbàgbé géètì.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Ọkọ mi,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, mo sì ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mi ò tíì gbá yàrá rẹ o. Mo kàn ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ síbẹ̀.

Òpó méjì ti dúró, bí o ṣe wí gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí a fẹ́ gé wáyà, káfíńtà na ọwọ́ gba ẹ̀mú. Mi ò fún un. Èmi fúnra mi ni mo gé e, ìlà márààrún. Ó ń dún kan-an, kan-an, ó ń ká jọ sẹ́yìn. Ọwọ́ mi wà níbi tí ọwọ́ rẹ ti dán irin yẹn. Àwọn òpó ò mì.

Àwọn màálù wọlé, gbogbo wọn, ó ku Alágídí. Ó dúró sẹ́nu géètì bí àlejò tí a kò pè. Bàbá rẹ kékeré tì í nídìí, kò lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rọra wọlé, ó lọ yí gbogbo wáyà wò, ó fi imú gbọ́ òórùn òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì dùbúlẹ̀. Bàbá rẹ kékeré ti lọ sọ fún alápatà pé kó má ṣèyọnu mọ́. Bàbá Alágbàdo fún mi ní àgbàdo tútù.

Ṣùgbọ́n èmi àti bàbá rẹ kékeré jà díẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mo fi géètì sójú ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé láti ilé ni màálù ti ń wá. Ó ní mo mú wọn rìn yípo gbogbo pápá kí wọ́n tó wọlé. Káfíńtà náà ti wí i tẹ́lẹ̀, mo ní kó dákẹ́. Mo dá bàbá rẹ kékeré lóhùn pé kì í ṣe màálù nìkan ni mò ń retí.

Kò tún jà mọ́. Ó lọ wá pátákó, ó bá wa kan géètì náà.

Okùn ni mo fi so ó, mi ò fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Tí o bá dé, má dúró síta kí o máa pè mí, mo lè wà ní ìsàlẹ̀ pápá kí n má gbọ́. Tú okùn náà, kí o wọlé. Kí o sì so ó padà o, kí Alágídí má bàa jáde.

Màmá rẹ.